Wọ́n ní ojú mi le jù: ṣé ẹ̀rín ènìyàn lè fi ìwà rẹ̀ hàn lóòótọ́?

Àdùkẹ́_Kẹ́míìsì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Mò ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan n'Íbàdàn, ó ti ń lọ sí ọdún méjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá mi pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní oníbàárà méjì ti wá fẹjọ́ mi sùn pé mo máa ń lejú mọ́ àwọn. Ọ̀rọ̀ náà bá mi lójijì, nítorí mi ò lejú mọ́ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ń ka ohun tí dókítà kọ sínú ìwé, iwájú orí mi máa ń hunjọ ni. Bó ṣe ń rí láti kékeré nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ ṣi oògùn fún ọmọ ọlọ́mọ, gbogbo ara ni mo fi ń kà á. Ọmọbìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rín ló ń rín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, gbogbo èèyàn ló sì fẹ́ràn rẹ̀.

Èyí tó tún wá dá kún un ni ti kíláàsì àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n pín wa sí oríṣi mẹ́rin: sanguine (ọlọ́yàyà), choleric (onínú fùfù), melancholy (oníbànújẹ́) àti phlegmatic (ẹni jẹ́jẹ́). Olùkọ́ wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ní melancholy ni èyí, kí àfẹ́sọ́nà mi yáa múra sílẹ̀ de ìbànújẹ́. Mo sunkún nígbà tí mo délé.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, ṣé lóòótọ́ ni ojú àti ẹ̀rín ń sọ irú ẹni tí èèyàn jẹ́? Kí ni mo sì lè ṣe sí ojú mi lẹ́nu iṣẹ́ tí kò fi ní di àgàbàgebè?

Màmá_Aláṣọ_Gbági

Àdùkẹ́ ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Nu ojú nù. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta ànkárá àti léèsì, ohun tí ọjà kọ́ mi ni màá sọ.

Ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn, bí ara rẹ̀ ò bá yá, ọmọ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Àyà rẹ̀ ti ń já kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bó bá rí i pé o hun iwájú orí bó o ṣe gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ rò ni pé nǹkan burúkú ni dókítà kọ síbẹ̀, tàbí pé o ò fẹ́ rí òun. Kò mọ̀ pé ìwé lò ń kà. Nítorí náà, fi ẹnu sọ ohun tí ojú rẹ ń ṣe. "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ka ìwé yín dáadáa, kí n má baà ṣì í." Ìyẹn náà ti tó. Ojú tó ń bà á lẹ́rù á di ojú ẹni tó ń ṣìkẹ́ rẹ̀. Kí o sì rí i pé ìwọ lo kọ́kọ́ kí i. Yorùbá tí wọ́n bá kí dáadáa kì í ka eyín ẹni tó kí i.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ọ̀gá rẹ ní láti bá ọ sọ ọ́. Má fi ìyẹn ṣe ìbínú. Ti olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni mi ò fara mọ́ rárá.

Tíṣà_Ìwà_Ẹ̀dá

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ̀kọ́ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ oríṣi mẹ́rin yìí sì máa ń dùn mí, nítorí mo ti rí àwọn méjì tó fẹ́ràn ara wọn tí wọ́n tú ká nítorí rẹ̀.

Ibi tó ti wá rèé. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́ gbà pé omi mẹ́rin ló wà nínú ara: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro yẹ́lò àti òróòro dúdú. Galen, oníṣègùn tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejì Sànmánì Kristẹni, wà lára àwọn tó so omi wọ̀nyí mọ́ ìwà ènìyàn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ lára rẹ̀, wọ́n ní ọlọ́yàyà ni. Ẹni tí òróòro dúdú bá pọ̀ lára rẹ̀, wọ́n ní yóò máa banú jẹ́. Òróòro dúdú gan-an sì ni ìtumọ̀ melancholy ní èdè Gíríìkì. Àdùkẹ́, kò sí òróòro dúdú nínú ara rẹ. Kò sí nínú ara ẹnikẹ́ni. Àwọn oníṣègùn ti fi ọ̀rọ̀ omi mẹ́rin sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́, àwọn orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù tí à ń fi kan ara wa lójú.

Lóde òní, nǹkan márùn-ún ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń wọ̀n: bí èèyàn ṣe fẹ́ràn àwùjọ tó, bó ṣe níwà pẹ̀lẹ́ sí ẹlòmíràn tó, bó ṣe ń fara balẹ̀ parí iṣẹ́ tó, bó ṣe máa ń tètè ṣàníyàn tó, àti bó ṣe ń wá ohun tuntun tó. Wọn kì í ju èèyàn sínú àpótí kan. Gbogbo wa la ní márààrún, tẹnì kan kàn pọ̀ ju tẹnì kejì lọ ni. Nínú wọn, èyí tó máa ń hàn lójú jù lọ ni ìfẹ́ àwùjọ. Ẹni tó fẹ́ràn àwùjọ máa ń rẹ́rìn-ín ju àwọn ẹlòmíràn lọ, àjèjì tó bá wo ojú rẹ̀ sì sábà máa ń mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù ṣòro láti rí lójú. Ìfarabalẹ̀ tó ń hun iwájú orí rẹ yẹn, ìwà iyebíye ni nídìí oògùn, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rín tirẹ̀.

Ti ẹ̀rín fúnra rẹ̀ wá nìyí. Dókítà ará Faransé kan, Duchenne de Boulogne, tẹ ìwé jáde ní 1862 lẹ́yìn tó ti ń fi iná mànàmáná ta iṣan ojú ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń ya fọ́tò ohun tó rí. Bàbá arúgbó kan tí kì í mọ ìrora lójú ló lò jù. Ó rí i pé iṣan tó ń fa igun ẹnu sókè máa ń gbọ́ràn sí wa lẹ́nu nígbàkígbà. Èyí tó yí ojú ká, tó ń hun awọ ẹ̀bá ojú jọ nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá gbé sókè, ó ní ayọ̀ tòótọ́ ló ń jí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣì fi ń fi orúkọ Duchenne pe ẹ̀rín tó bá dé ojú. Ní 1978, Paul Ekman àti Wallace Friesen fún ìṣísẹ̀ àwọn iṣan ojú ní nọ́ńbà: 12 ni ti igun ẹnu, 6 ni ti ẹ̀bá ojú. Ẹ̀rín "ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò" máa ń jẹ́ 12 láìsí 6. Kí ẹ má sì rò pé 6 kò ṣeé díbọ́n ṣe o, àwọn onímọ̀ ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó lè ṣe é láìsí ayọ̀ kankan nínú wọn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Wọ́n fi ojú àwọn eléré júdò tó díje ní Áténì ní 2004 wéra, àwọn tó ríran àti àwọn afọ́jú, títí kan àwọn tí wọ́n bí ní afọ́jú tí wọn ò rí ẹ̀rín ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀rín tí gbogbo wọn rín nígbà tí wọ́n borí bára mu. Àwọn tó pàdánù wúrà tí wọ́n gba fàdákà náà rẹ́rìn-ín, àwọn afọ́jú náà ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọmọlúàbí ni, ẹ̀rín tí a fi ń bo ohun tó ń dunni. Ẹ̀rín kan ò sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn lójú ẹsẹ̀ yẹn ló ń sọ.

Onífọ́tò_Abẹ́òkúta

Òótọ́ lẹ sọ, Tíṣà. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, bí mo bá ní kí ìyàwó rẹ́rìn-ín, eyín nìkan ló ń yọ. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo máa ń ní kí ìyá rẹ̀ bá mi ki oríkì rẹ̀ lẹ́yìn mi. Kí wọ́n tó dé ìdajì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti gbé sókè, ojú á ti kéré, nígbà míì omi á ti fẹ́ bọ́. Ìgbà yẹn ni mo máa ń tẹ kámẹ́rà.

Ẹ tún wo fọ́tò àwọn àgbà wa àtijọ́. Wọ́n jókòó gbọnin, ọwọ́ lórí orúnkún, wọ́n dojú kọ kámẹ́rà, ẹ̀rín ò sí níbẹ̀. Bàbá bàbá mi wà bẹ́ẹ̀ lára ògiri pálọ̀ wa, gbogbo ẹni tó mọ̀ wọ́n ló sì ń sọ pé aláwàdà tí í pa èèyàn lẹ́rìn-ín ni wọ́n. Iyì ni wọ́n fẹ́ kí fọ́tò gbé jáde. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 náà, ojú wọn tòrò minimini. Ojú tó tòrò lojú àgbà lọ́dọ̀ wa. Nígbà wo ló wá di ojú ìbànújẹ́?

Bọ̀dá_Ẹnu_Géètì

Ẹ má bínú o, èmi ò gbà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣọ́ ẹnu géètì. Mo mọ ojú olè. Bí ẹnì kan bá dé tó ń rẹ́rìn-ín jù, tí ojú rẹ̀ ò dúró sójú kan, mo ti mọ ibi tó ń lọ.

Tíṣà_Ìwà_Ẹ̀dá

Bọ̀dá, mi ò ní fojú kéré iṣẹ́ yín. Ẹ ti rí àlejò tó pọ̀ gan-an, ẹ mọ bí wọ́n ṣe sábà ń ṣe, ẹni tó bá ṣe yàtọ̀ á sì tètè ta yín lójú. Ìyẹn wúlò. Àmọ́ ìṣesí ìṣẹ́jú yẹn lẹ rí, kì í ṣe ìwà. Dókítà ará Ítálì kan, Cesare Lombroso, kọ ìwé ní 1876 pé a lè fi bí ojú àti agbárí ṣe rí dá ọ̀daràn mọ̀. Ní 1913, Charles Goring, dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ èsì tirẹ̀ jáde lẹ́yìn tó ti wọn nǹkan bí 3,000 ẹlẹ́wọ̀n, tó sì fi wọ́n wé àwọn tí kò dẹ́ṣẹ̀. Kò rí ojú kankan tó jẹ́ ti ọ̀daràn.

Bọ̀dá_Ẹnu_Géètì

Mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, nítorí ó ṣì ń dùn mí. Ọmọkùnrin kan wá nígbà kan, kò lè wo ojú mi, ẹ̀rín ṣáá ló ń rín. Mo dá a dúró sínú oòrùn fún bíi wákàtí kan. Àṣé ìtìjú ló ń ṣe ọmọ náà, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ló ń bọ̀, ìyá rẹ̀ ló kú. Mi ò bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì_Leeds

Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ yín ló jẹ́ kí n dá sí i. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi n'Íléṣà, bí àgbà bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni mò ń wò. Nígbà tí mo dé ibí, ọ̀gá wa ní wọ́ọ̀dù pè mí, ó ní ó jọ pé mò ń fi nǹkan pa mọ́, torí pé mi ò kì í wo òun lójú. Ọ̀wọ̀ ni mò ń fún un! Mo ṣàlàyé fún un, ó sì yé e. Láti ìgbà náà, bó bá nira fún mi láti wo àgbàlagbà lójú, àárín ìpéǹpéjú méjèèjì ni mo máa ń wò. Wọn kì í mọ ìyàtọ̀.

Àdùkẹ́, ní 2020 tí gbogbo wa ń bo imú bo ẹnu, ojú nìkan ni aláìsàn ń rí lára wa. Màmá òyìnbó kan sọ fún mi pé òun máa ń mọ̀ bí mo bá rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀bá ojú mi. Èmi tí wọ́n ní mi ò ń wo èèyàn lójú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni fi ojú mi kọ ìwé nípa mi.

Ọmọ_Kọ̀ǹpútà

Kí n fi kékeré kan kún un fún àwọn tó ń wá iṣẹ́. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ní wọ́n lè wo ojú èèyàn kí wọ́n sọ bí nǹkan ṣe rí lára rẹ̀, bóyá inú rẹ̀ ń dùn tàbí inú ń bí i. Ní 2022, Microsoft kéde pé àwọn máa yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀rọ àwọn tó ń wo ojú. Láti February 2, 2025, òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà kí wọ́n lò ó fún òṣìṣẹ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́, àfi nítorí ìlera tàbí ààbò. Ìdí kan pàtàkì ni pé ní 2019, Lisa Feldman Barrett àti àwọn onímọ̀ mẹ́rin mìíràn ṣàyẹ̀wò ìwádìí tó lé ní 1,000, wọ́n sì rí i pé a ò lè torí pé ẹnì kan fajúro sọ pé inú ló ń bí i. Ó lè jẹ́ pé ó ń ronú ni. Bíi ti Àdùkẹ́ gẹ́lẹ́.

Ọmọ_Àgbà

Ẹ ṣeun fún ìjíròrò yìí. Bàbá mi jẹ́ ọlọ́yàyà èèyàn. Ṣàdédé ni ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í le, wọn kì í rẹ́rìn-ín mọ́ bí a bá ń ṣeré, wọn kì í tètè ṣẹ́jú. A rò pé wọ́n ń bínú sí wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tiẹ̀ dẹ́kun wíwá sílé fún oṣù mẹ́ta, ó ní bàbá ò fẹ́ràn òun mọ́. Ìgbà tí ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n la tó gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n ní àrùn Parkinson ni. Àrùn náà máa ń mú kí iṣan ojú lọ́ra, tí ojú á dà bí èyí tí wọ́n gbẹ́. Bàbá sọ fún wa pé inú àwọn ń dùn tá a bá wá, ojú ni kò gbọ́ràn sí àwọn lẹ́nu. Bí ojú ẹni tó o mọ̀ bá yí padà, jọ̀ọ́, bi í léèrè, kí o sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Má kàn dá a lẹ́jọ́.

Ẹnu_Wíwọ́_Tẹ́lẹ̀

Ọmọ_Àgbà, Ọlọ́run á fún bàbá ní okun. Èmi náà, ẹnu mi wọ́ sápá kan mọ́jú ọjọ́ kan, ojú òsì ò lè pa dé. Àwọn ará àdúgbò ní ọ̀tá ló ṣe é. Dókítà ní Bell's palsy ni, pé iṣan tó ń gbé àṣẹ láti inú ọpọlọ wá sí ojú ló wú. Wọ́n fún mi ní oògùn kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, wọ́n ní kí n máa kán oògùn tó ń mú ojú tutù sí ojú kí ó má gbẹ. Oṣù méjì ló gbà kí ó tó padà. Ẹ má jókòó sílé wò ó o, torí rọpárọsẹ̀ náà lè wọ́ ẹnu, ìyẹn kì í dúró.

Àdùkẹ́_Kẹ́míìsì

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan ló kù. Ọmọbìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n máa fi ẹ̀rín kọ́ra níwájú dígí láàárọ̀, pé tí mo bá ń rẹ́rìn-ín, inú mi á máa dùn. Ṣé òótọ́ ni? Ó ṣe mí bíi pé irọ́ ni màá máa pa.

Tíṣà_Ìwà_Ẹ̀dá

Wọ́n ti jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn pẹ́. Ní 1988, wọ́n ní kí àwọn kan fi eyín há bírò kí iṣan ẹ̀rín lè fà. Àwọn yẹn ní àwòrán ẹ̀fẹ̀ pa àwọn lẹ́rìn-ín ju àwọn tó fi ètè há a lọ. Ní 2016, ibùdó ìwádìí 17 tún un ṣe, wọn ò rí i. Ní 2022, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè 19 tún pa pọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò: fífi eyín há bírò ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ rẹ́rìn-ín rí ìyípadà díẹ̀. Díẹ̀ ni o. Bó bá wù ọ́, ṣe é. Bí kò bá wù ọ́, ìmọ̀ràn Màmá_Aláṣọ dára ju dígí lọ.

Màmá_Aláṣọ_Gbági

Tíṣà, ẹ ṣeun. Àdùkẹ́, ẹni tó ń ṣìkẹ́ àlejò kì í parọ́. Bó o bá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹni tí ara ń ro kí àyà rẹ̀ lè balẹ̀, inú rere ni. Irọ́ ni ẹ̀rín tí a ń rín sí ẹni tí a fẹ́ rẹ́ jẹ.

Ohun tó wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí Bọ̀dá ti sọ̀rọ̀ nìyí. Yorùbá ní orúkọ fún ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan á fajúro, ẹnì kan á lejú koko, ẹnì kan á yínmú, ẹnì kan á tújúká. Ẹ̀rín músẹ́ wà, ẹ̀rín kèékèé wà, ẹ̀rín ẹlẹ́yà wà. Ẹ sì gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́: ó fajúro, ó tújúká. Ohun tó ṣe lọ́jọ́ yẹn ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí àlejò bá gbé oúnjẹ fún mi, ojú ìyá mi ni màá wò. Wọn ò ní la ẹnu. Mo mọ èyí tó túmọ̀ sí gbà á, mo mọ èyí tó túmọ̀ sí "ẹ ṣeun, mo ti yó." Ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ ò rí nǹkan kan, ó rò pé màmá kàn jókòó ni. Èmi rí i nítorí pé mo ti ń wo ojú yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó rí ọ fún wákàtí kan, kí ló fẹ́ rí? Àfẹ́sọ́nà rẹ ni kí o bi.

Àdùkẹ́_Kẹ́míìsì

Màmá, mo bi í. Ó ní òun mọ̀ bí inú bá ń bí mi, pé iwájú orí mi máa ń dán lọ́jọ́ náà, tí màá sì dákẹ́. Ó ní bó bá ti hunjọ, òun ti mọ̀ pé ọkàn mi wà nídìí ohun tí mò ń ṣe. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ara mi.

Ó di ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń sọ "ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ kà á" fún àwọn oníbàárà. Ìyá kan tó wà lára àwọn tó fẹjọ́ mi sùn padà wá lánàá fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Mo kí wọn, mo sọ ọ́, mo ka ìwé náà, mo sì rí i pé ohun tí wọ́n ń lò nílé tẹ́lẹ̀ àti èyí tí wọ́n kọ fún wọn báyìí, oògùn kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀. Wọn ì bá máa lò ó ní ìlọ́po méjì. Mo pe ọ̀gá mi, ọ̀gá pe dókítà. Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyá náà ń wo iwájú orí mi, wọ́n ní, "Àṣé ohun tó ò ń ṣe nìyẹn."

Kíláàsì ìgbéyàwó ku ẹ̀ẹ̀mejì. Tíṣà, mo ti kọ ti òróòro dúdú sílẹ̀, màá rọra bá olùkọ́ sọ ọ́ lẹ́yìn àdúrà ìparí.